Èjìká Wa Ni Ajá Ń Wò

Ní ọdún karùn-ún wa ní ilé-ìwé yìí, àwa mẹ́rin tí a ń ti Ìkòsì wá pinnu láti kọ́ Bíńgò, ajá bàbá ọlọ́dẹ, ní eré fífò tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1978. A to bẹ́ǹṣì, a sì so táyà àlòkù rọ̀ sára igi máńgòrò.

Bíńgò a fo bẹ́ǹṣì kan, a sì yà síbi tí a kò rán an. A pariwo títí. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ nà án, àwa yòókù sì ń wò ó. Ojú ṣì ń tì wá.

Bàbá ọlọ́dẹ, tí ó ti fi ajá ṣọdẹ rí, ní: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹnu yín ń pè é sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ yín kọjú sósì. Èwo ni kí ó gbọ́?”

Láti ìgbà náà, àwa nìkan la kọ́kọ́ ń rin ipa ọ̀nà náà, kí a lè mọ ibi tí a ó ti yí èjìká padà kí ajá tó balẹ̀. A sì ń sọ̀rọ̀ kí ó tó fò, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti wà lókè. Ìyẹn kò pẹ́ yé wa. Ẹgba yẹn ló pẹ́ kí Bíńgò tó gbàgbé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ó gba inú táyà tọ ẹni tí ó nà án lọ, agogo ìsìn ti lù. A pẹ́ dé, wọ́n sì ní kí a kúnlẹ̀. Ẹ̀rín là ń rín.