Ẹ̀tọ́ Àròyé Kan

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn yunifásítì ń gbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá gbà pé rẹfirí rẹ́ òun jẹ kì í ju àsíá pupa sílẹ̀ bíi ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a jẹun. Ńṣe ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá eré dúró, yóò wá sọ fún rẹfirí pé òun ò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, kí wọ́n lọ wo fídíò. Ìdádúró yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú ìdajì eré. Bí fídíò bá gbè é lẹ́yìn, wọ́n á dá a padà fún un, yóò sì láǹfààní láti ṣàròyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá gbè é, ìdádúró kan ti wọmi, kò sì tún ní lè pe ìdájọ́ kankan lẹ́jọ́ mọ́ títí eré á fi parí.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa ń wò, àwọn agbábọ́ọ̀lù á pagbo yí rẹfirí ká, wọ́n á máa fi ìka ya tẹlifíṣọ̀n sójú òfuurufú, bó sì ṣe ń hàn sí wọn pé àwọn jẹ̀bi ni ohùn wọn ń le sí i. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹni tí àròyé máa ná ní nǹkan á kọ́kọ́ rò ó wò.

Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi rò ó? Ẹ̀gbẹ́ pápá ni akọ́nimọ̀ọ́gbá dúró sí, àwọn géńdé tó ga jù ú lọ sì dí i lójú. Kò rí i bóyá bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó hán an, kò mọ orúnkún ẹni tó kọ́kọ́ balẹ̀. Àwọn igbákejì rẹ̀ tó jókòó lókè ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ tó fi há etí. "Kóòṣì, ó kan ilẹ̀ o!" "Ṣé ó dá yín lójú?" "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Ìgbà tí wọ́n ń sọ èyí, aago ń lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni wọ́n fún àwọn tó ní bọ́ọ̀lù láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, bí wọ́n bá sì mọ̀ lọ́kàn ara wọn pé lóòótọ́ ni bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀, wọn ò ní dúró lo ogójì. Eré ni wọ́n á sá lọ tò sórí ìlà, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti tún gbéra, kò sẹ́ni tó lè padà yẹ ti àtẹ̀yìnwá wò. Ẹni tó ń fún wọn ní bọ́ọ̀lù láti àárín itan rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní center, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ ń kú sí. (Lọ́dún 2022, Olusegun Oluwatimi ti Michigan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Rimington, ti center tó mọṣẹ́ jù lọ, wọ́n sì tún fi ẹ̀bùn Outland lé e. Orúkọ yẹn fi ilé hàn, ẹ jẹ́ kí inú wa dùn díẹ̀.)

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ olùwòran kì í kà sí. Òṣìṣẹ́ kan wà lókè tó ń fi fídíò yẹ gbogbo eré wò, tó sì láṣẹ láti dá a dúró fúnra rẹ̀. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣàròyé kì í ṣe rẹfirí nìkan ló ń bá wí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni òkè sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ìdájọ́ pápá ni yóò sì dúró àfi bí ẹ̀rí fídíò bá hàn kedere láìsí iyàn. Kó jọ pé rẹfirí ṣìṣe kò tó. Èmi ò ní pe akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàròyé rí lójo. Àwọn kan tilẹ̀ ń ta ọgbọ́n sí i: wọ́n á kàn ní kí eré dúró lásán, láì tako ẹnikẹ́ni, kí ẹni òkè lè ráyè wo fídíò dáadáa. Ìdádúró kan ni wọ́n fi ná, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àròyé wọn ṣì wà lọ́wọ́.

Kí gbogbo èyí tó dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàròyé. Lọ́dún 2002, lẹ́yìn tí Iowa na Penn State, Joe Paterno, akọ́nimọ̀ọ́gbá Penn State tó jẹ́ ẹni ọdún 75, sáré lé rẹfirí bá, ó fa aṣọ rẹ̀ mú. Ní 2004 ni Big Ten, ẹgbẹ́ àjọgbá tí Penn State wà, fi fídíò dánra wò. Ẹ̀tọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ṣàròyé wọ òfin ní 2006.

Ọdún 2006 yẹn náà ni fídíò já àwọn ènìyàn kulẹ̀ ní Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Oklahoma ń fi 33 sí 27 ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Oregon gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú, irú èyí tí wọ́n ń gbá kí àwọn fúnra wọn lè tún gbà á. Òfin ní kó rin yáàdì 10 kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fara kàn án. Ọmọ Oregon kan fara kàn án kó tó dé bẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì já lé e lórí, ọwọ́ ọmọ Oklahoma ni bọ́ọ̀lù wà. Rẹfirí fún Oregon. Wọ́n wo fídíò, wọ́n tún fún Oregon. Oregon jẹ, 34 sí 33. Kí ni Bob Stoops, akọ́nimọ̀ọ́gbá Oklahoma, fẹ́ fi ṣàròyé? Wọ́n ti bá a wò ó. Pac-10, ẹgbẹ́ àjọgbá tí Oregon wà nígbà náà, dá àwọn òṣìṣẹ́ ìdájọ́ náà dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. David Boren, ààrẹ Yunifásítì Oklahoma, ní kí wọ́n pa eré náà rẹ́ kúrò nínú ìwé. Wọn ò pa á rẹ́.

Ó tún ṣẹlẹ̀ sí Michigan, ẹgbẹ́ Oluwatimi, ní December 31 ọdún 2022. Roman Wilson ti Michigan hán bọ́ọ̀lù, rẹfirí ní ó ti wọlé. Ẹni òkè ní rárá, ó kù fín-ín-fín. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e bọ́ lọ́wọ́ Michigan, TCU tí wọ́n ń bá gbá kó o. TCU borí ní 51 sí 45. Ẹ̀tọ́ àròyé kì í wúlò lórí ohun tí ẹni òkè bá ti dá.

Èyí tí mo máa ń rò jù ni pé òfin yìí kò retí rárá pé ẹnì kan lè fẹ́ tako ìdájọ́ tó gbè é. Ní October 1990, ní Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, àwọn rẹfirí ṣi ìṣirò, wọ́n fún Colorado ní ìgbìyànjú márùn-ún dípò mẹ́rin tí òfin gbà, ìyẹn ni wọ́n sì fi na Missouri ní 33 sí 31. Bill McCartney, akọ́nimọ̀ọ́gbá Colorado, kò dá ayò náà padà. Pé pápá ń yọ̀ lòun ń sọ. Lópin ọdún yẹn, Colorado àti Georgia Tech ló jọ pín ipò kìíní orílẹ̀-èdè.

Àádọ́ta ọdún ṣáájú ìyẹn, ní November 1940, irú rẹ̀ gan-an ti ṣẹlẹ̀ ní Hanover, ìlú Dartmouth. Cornell, tí ẹnikẹ́ni ò nà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18, fi ìgbìyànjú karùn-ún na Dartmouth ní 7 sí 3 nígbà tí eré ń tán lọ. Kò sí fídíò nígbà náà, ṣùgbọ́n fíìmù wà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kà á, ó pé márùn-ún. Rẹfirí jẹ́wọ́. Carl Snavely, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cornell, tẹ wáyà sí Dartmouth pé ẹ̀yin lẹ jẹ. Dartmouth gbà á, 3 sí 0, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé títí dòní. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Penn tún na Cornell.