Àpótí Èbúté àti Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí kọ́ ní Akwa, ní ìlú Douala, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́.

Moodle ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń fún wọn ní iṣẹ́ ṣe. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 2002. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ohun kan tí mo ń wá kò sí nínú rẹ̀: ìdánwò tí ọmọ yóò fi mọ ìyàtọ̀ ohùn, kí ó má baà ka ọkọ́ sí ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú inú ètò náà, kí n kọ tèmi há a láàárín. Mo kọ̀, nítorí pé nígbà tí ètò titun bá dé, yóò pa àtúnkọ wa rẹ́, làálàá wa yóò sì já sí asán.

Èbúté Douala kò jìnnà sí wa. Ẹ̀rọ tí ń gbé àwọn àpótí irin ńlá níbẹ̀ kì í bèèrè bóyá ìrẹsì ni ó wà nínú wọn tàbí aṣọ. Igun mẹ́rin tí gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ó ń dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni Moodle rí sí ẹ̀yà àfikún. Ẹ̀yà náà ní àyè tirẹ̀, àti ìwé kékeré kan, version.php, tí ó sọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti irú Moodle tí ó lè bá ṣiṣẹ́. Bí Moodle tí ó wà nílé bá ti gbó jù fún un, kò ní gbà á wọlé. Bí ó bá gbà á, nígbà tí iṣẹ́ bá dé ni yóò ké sí i ní orúkọ tí wọ́n jọ mọ̀, láti dá iṣẹ́ sílẹ̀, láti tún un ṣe, tàbí láti pa á rẹ́. Moodle kò nílò láti gbọ́ Yorùbá rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: aṣọ́bodè a máa tú àpótí wò, nítorí pé igun tí ó pé kì í ṣe ẹ̀rí pé inú mọ́. Ẹ̀yà tí ó bá ti wọlé lè ka máàkì gbogbo ọmọ, ó sì lè ba ilé jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má dúró de ará òkè òkun kí ó tó ro ti èdè yín. Ẹ kọ́ àdéhùn náà, kí ẹ ṣe ẹ̀yà tiyín, kí ẹ sì yẹ ti ẹlòmíràn wò dáadáa kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un.