Gbèsè tí Fíìmù Jẹ Ìwé Àwòrán

Òfin kan ṣoṣo ni a mọ̀ nípa fíìmù nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Òkókómáíkò: ákítọ̀ kì í kú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá ẹni tó jẹ́ ákítọ̀, ìyẹn akọni, a ó wá ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá rẹ̀, ọkàn wa á sì balẹ̀. Wọn ì báà yìnbọn lù ú, wọn ì báà jù ú sódò, kí ilé alájà mẹ́wàá sì wó lé e lórí, a mọ̀ pé yóò dìde.

Àwa tí mo ń wí yìí ni àwọn tí a bí láàárín 1980 sí 1992 tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a sì dàgbà sí apá Ọ̀jọ́: ọmọ Àwórì onílẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò tí bàbá wọn ń tajà ní Àlàbá, ọmọ ṣọ́jà inú bárékè, ọmọ olùkọ́ LASU, ọmọ àwọn tó ń gbé ẹ́sítéètì Ìbà. Èdè ilé wa kò dọ́gba, owó ilé wa kò sì dọ́gba rárá, ṣùgbọ́n fíìmù kan náà ni gbogbo wa ń wò, torí pé ọjà kan náà ló ti ń wá. Láti Ìyànà-Ìbà sí Àlàbá kò ju ọ̀kadà kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kọ́kọ́ ń wá, VCD tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà DVD tí wọ́n kó fíìmù ogún sínú àwo kan. Lára páálí rẹ̀, Superman, Batman, Blade àti Spider-Man á jọ dúró pọ̀ bí ọmọ ìyá. A kò mọ̀ pé DC ló ni méjì, pé Marvel ló ni méjì yòókù, pé orogún ni ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ìwé tí wọ́n ti mú wọn jáde kò bá wọn dé. Lójú wa, inú fíìmù ni wọ́n bí wọn sí.

Ìdí nìyí tí ìjà àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì, ìyẹn pé ṣé kí fíìmù tọ ẹsẹ̀ ìwé ni àbí kó máa rìn bó ṣe wù ú, fi pẹ́ kó tó kàn wá. Ó ti kàn wá báyìí. Íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ ká rí àwọn ìwé náà kà, a sì ti rí ohun tí fíìmù mú àti ohun tó jù nù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ni fíìmù jẹ ní gbèsè. Aṣọ akọni kì í ṣe gbèsè. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìtàn kì í ṣe gbèsè. Ọgbẹ́ akọni ni gbèsè: ta ló kú, ta ló ṣọ̀fọ̀, kí ni ó di èèwọ̀ fún alágbára yìí láti ọjọ́ náà lọ. Bí fíìmù bá fọwọ́ kan èyí, ó ti mú orúkọ ẹni ẹlẹ́ni wọ ara ẹlòmíràn.

Ẹ wo Spider-Man tí Sam Raimi darí ní 2002. Nínú ìwé tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé jáde ní 1962, Peter Parker fúnra rẹ̀ ló jókòó ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, èyí tó ń tu okùn aláǹtakùn. Fíìmù yọ ẹ̀rọ náà kúrò; okùn wá ń jáde láti inú ara ọmọ náà. Àwọn òǹkàwé ní Amẹ́ríkà bínú gan-an, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Èmi á tiẹ̀ sọ pé àwa ló yẹ kó bínú jù wọ́n lọ. Ọmọ tálákà tó wọ yàrá, tó kó wáyà àti irin jọ, tó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí: ọmọ Àlàbá nìyẹn. A mọ ojú rẹ̀. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó ń jó òjé mọ́ wáyà, ó ń wá àléébù tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí. Lójú àpótí tẹlifíṣọ̀n tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tún ṣe ni ọ̀pọ̀ wa ti wo fíìmù náà, kò sì sí òun nínú rẹ̀. Ọdún 2012 ni fíìmù mìíràn tó dá ẹ̀rọ náà padà. A ti kọjá ọmọdé nígbà yẹn.

Síbẹ̀, ti 2002 yẹn ni a fẹ́ràn jù títí di òní. Raimi kò fọwọ́ kan ọgbẹ́ náà. Olè ń sá lọ níwájú Peter, ó lágbára láti dá a dúró, ó ní kò kan òun, olè náà ló sì pa ọkọ àǹtí rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìgbésí ayé Spider-Man ti wá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá pọ̀ láàárín wa. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ìwé tiwa náà wà. Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super ní 1976, àwọn ẹ̀gbọ́n wa sì ń fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yẹ etí ọmọdé. Ibẹ̀ ni Papa Ajasco, Pa James, Boy Alinco àti Miss Pepeiye ti wá. Ní 1984 wọ́n sọ Papa Ajasco di fíìmù, nígbà tó sì di apá ìparí ọdún 1990 sí 1999, ó ti wọ tẹlifíṣọ̀n, Abíọ́dún Ayọ̀yinká ń ṣe é, bàbá, ìyá àti ọmọ sì jọ ń wò ó nínú pálọ̀ kan náà. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń pè wá wá wò. Àwọn tó mọ ìwé náà ń rojọ́ pé wọ́n ti fọ ata kúrò lára ọbẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo àwọn ìwé náà, kí ẹ sì wo eré orí tẹlifíṣọ̀n: bàbá apárí yìí ò lè rí obìnrin kó mójú kúrò, ìtìjú ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ẹni tó ń rí obìnrin gbà tí kò sì tẹ́, kì bá tí jẹ́ Papa Ajasco mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ kó gbogbo ọ̀rọ̀ rírùn inú ìwé sí i lẹ́nu. Ìyípadà tí Adénúgà ṣe yìí ni mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ Nàìjíríà kò mọ bí a ṣe ń gbé ìwé àwòrán wọ fíìmù.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tún ka ìwé mìíràn tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Ní 1975 wọ́n ṣe Powerman fún ọjà Nàìjíríà: akọni aláwọ̀ dúdú tí oró ejò nìkan lè mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á láti Ìlú Ọba. Gibbons yìí kan náà ló wá ya Watchmen tí Alan Moore kọ ní 1986 sí 1987. Nígbà tí Zack Snyder ṣe Watchmen ní fíìmù ní 2009, ó tọ àwòrán Gibbons lẹ́sẹ̀ débi pé ẹni tó bá gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè máa fi ìka tọ́ka: èyí rèé, ìyẹn rèé. Ìparí nìkan ló yí padà gedegbe. Fíìmù náà kò wọ̀ wá lára. Ojú ewé ìwé máa ń dúró de òǹkàwé. O lè padà sẹ́yìn, o lè tẹjú mọ́ igun àwòrán kan títí ọ̀rọ̀ fi yé ọ. Snyder da àwòrán kọ, kò sì sí bí ó ṣe lè da ìsinmi yẹn kọ.

Èyí tó dùn wá jù ni Captain America: Civil War, torí pé wọ́n dárúkọ ìlú wa. Nínú ìwé tí Mark Millar kọ tí Steve McNiven sì yà ní 2006 sí 2007, ìlú Stamford ní Amẹ́ríkà ni àwọn akọni ti ṣi agbára lò. Ọ̀daràn kan tí wọ́n ń lé sọ ara rẹ̀ di bọ́ǹbù, ó bú nítòsí ilé ìwé, ènìyàn tó lé ní 600 kú, ọ̀pọ̀ ọmọdé wà lára wọn. Ìyá ọmọ kan tó kú níbẹ̀ sì kọjú sí Iron Man níbi ìsìnkú. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ló dá ogun abẹ́lé sílẹ̀ láàárín àwọn akọni. Fíìmù 2016 gbé jàǹbá náà kúrò ní Stamford, ó gbé e wá sí Èkó, Atlanta sì ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú Èkó ọ̀hún. N kò bá wọn jà nítorí Atlanta. Ẹni tó ń ṣe fíìmù lè fi ibi kan ṣe ibòmíràn. Ẹjọ́ mi ni pé nígbà tí ilé kan bú tán níbẹ̀, òkú àwọn ará Wakanda, orílẹ̀-èdè inú ìtàn Marvel, ni ọba wọn wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyá kan sì wá bá Tony Stark, ìyẹn Iron Man, nítorí ọmọ rẹ̀ tó kú ní Sokovia, orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ìtàn náà. Ìyá Èkó kankan kò sọ̀rọ̀. Ìwé fún òkú Stamford ní ẹni tó sunkún wọn. Fíìmù gba òkú Èkó, kò sì fún wọn ní ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè yí ìlú padà bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n bí jàǹbá bá ti ṣí wá sọ́dọ̀ wa, ẹkún náà yẹ kó bá a wá. Ẹni tó bá ti dúró ní títì Badagry rí, tó rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń pe orúkọ ara wọn lẹ́yìn tí tírélà bá ti wó, mọ̀ pé a kì í kú láìsí ẹni tó ń pè wá.

Ìwé pẹ̀lú lè jẹ̀bi o. M'Baku ará Wakanda jáde nínú ìwé Avengers ní 1969, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Man-Ape, ọkùnrin dúdú tó gbé awọ gọ̀ríllà funfun wọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìyẹn nínú fíìmù Black Panther ní 2018 yóò bú gbogbo wa. Ryan Coogler tó darí fíìmù náà fi orúkọ ẹ̀gàn yẹn sílẹ̀, ó sọ M'Baku di olórí àwọn ènìyàn orí òkè tó ní ọ̀wọ̀ fún òrìṣà tiwọn, ohùn àwọn Ìgbò ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe fún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Winston Duke tó ṣe M'Baku la ẹnu, ariwo tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ìgbò pa nínú sinimá kò kéré. Síbẹ̀, èyí tó wà ní ìdí M'Baku nínú ìwé, ìyẹn pé ẹ̀yà kan wà ní Wakanda tí kò gba ọba ibẹ̀ lọ́ba tinútinú, Coogler kò yọ ọ́. Ibi tó yẹ kó ti yà kúrò nínú ìwé nìkan ló ti yà.

Ọmọ ilẹ̀ Àwórì ni wá, tàbí àlejò tó gbọ́ ìtàn Àwórì títí ó fi di tiwa, nítorí náà a ti mọ irú ìdájọ́ yìí kí Marvel tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn Olófin Ògúnfúnmínire tó tẹ̀lé àwo lójú omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì, ẹnu kan kì í sọ ọ́ bí ẹnu kejì. Ẹnìkan á mẹ́nu kan iye àwọn tó bá a rìn, ẹlòmíràn á fò ó. Ibi tí wọ́n ti sinmi lójú ọ̀nà ń yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé Olófin ló fi ojú ara rẹ̀ yan ibi tí yóò tẹ̀dó, àwọn àgbà á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Kò yàn án. Ó tẹ̀lé e ni. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, ẹ ti mú ìtàn ẹlòmíràn wá.

Ní 2019, Tony Stark kú ní Avengers: Endgame, àwọn tó ṣì gbára lé òfin ákítọ̀ wa sì dákẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, Chadwick Boseman tó ń ṣe Black Panther, ọba Wakanda, fúnra rẹ̀ kú ní tòótọ́. Nígbà tí wọ́n fi Wakanda Forever hàn ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Shuri, àbúrò Black Panther, ló gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fíìmù náà, ìwé sì ti là á sílẹ̀ láti 2009 pé ó lè gbà á. Ọ̀fọ̀ gidi bá ìwé pàdé níbẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè gbèrò irú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ti ní tiwọn báyìí. Ìyanu, ọmọ òrukàn tí Olorì tọ́ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìlú Elu, tí agbára ń jí nínú rẹ̀, jáde nínú ìwé Roye Okupe láti ilé iṣẹ́ Dark Horse ní 2021, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ti di eré lórí Cartoon Network ní Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Orúkọ Yorùbá, aṣọ Yorùbá, ohùn àwọn òṣèré wa. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan ní Ìbà bá béèrè bóyá bí Bíyí àti Tóyè, àwọn ọ̀rẹ́ Ìyanu, ṣe rí nínú ìwé nìyí, kí ni a ó gbé fún un kó fi wò ó? A tún ti wà níbi tí a wà pẹ̀lú àwo Àlàbá: fíìmù dé, ìwé kò dé. Ìwé Okupe ṣọ̀wọ́n ní ìsọ̀ ìwé wa. Ikebe Super ti di ohun tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ tí kò rí i rí. Powerman kò sí lọ́jà mọ́.

Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ò lè bá fíìmù ṣe ẹjọ́. Ohun tí a fi rojọ́ Civil War lókè yìí, ìwé ló fún wa. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ tún wọn tẹ̀ ní bébà olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀yìn Ikebe Super pé àgbàlagbà ló wà fún, kí ẹ sì kó wọn wá sí Ìyànà-Ìbà, sí iwájú gẹ́ètì LASU, sí Ìjànikin níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. A ó rà wọ́n.