Anvers, Níbi tí Ẹ̀kán Omi Kan Ti Kán Sílẹ̀

Kò sí oníṣòwò ọkọ̀ ní Cotonou tí kò mọ orúkọ Anvers. Láti èbúté ìlú Bẹ́líjíọ́mù yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, òpópónà Heyvaert ní Bruxelles sì ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó kó wọn dé èbúté. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Kétu lọ sí Pobè lè bá orúkọ oníbúrẹ́dì tàbí ti oníṣẹ́ páìpù kan lára ọkọ̀ náà ní èdè Flamand, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nù kúrò. Ọ̀nà yẹn ti mọ́ wa lára. Ohun mìíràn wà tí ó ti Anvers jáde, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó ibodè lé lórí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú náà ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí òtútù ń gé ni létí bí abẹ.

Láti Bruxelles, ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Ibùdókọ̀ ojú irin Anvers, tí wọ́n ṣí ní 1905, jọ ṣọ́ọ̀ṣì ju ibùdókọ̀ lọ, pẹ̀lú òkúta gbígbẹ́ àti òrùlé rìbìtì kan tí ó ga débi pé ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dun ẹni tí ó bá ń wò ó. Àwọn ọkọ̀ a máa dúró ní àjà lórí àjà, àwọn mìíràn nínú ilẹ̀ pátápátá. Bí a bá jáde, ìsọ̀ àwọn tí ń ta dáyámọ́ńdì ló wà nítòsí. N kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀, mo kọjá.

Ní yunifásítì ìlú yìí ni Dries Buytaert ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní ibùgbé wọn, ó sì kọ ètò kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ ìròyìn síra wọn, títí kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí ó jáde ẹ̀kọ́, wọ́n gbé ètò náà sórí ayélujára kí wọn má bàa pàdánù ara wọn. Orúkọ tí ó fẹ́ fún ojúlé náà ni dorp, èyí tí í ṣe abúlé ní èdè wọn. Ìka rẹ̀ ṣì tẹ̀, ó kọ drop, ẹ̀kán omi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ bí àmì ohùn ṣe ń sọ igbá di ìgbà kò ní bá a wí. Ní oṣù kìíní 2001, ó tú ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní orúkọ Drupal, láti inú ọ̀rọ̀ tí èdè wọn ń pe ẹ̀kán omi.

Irú ètò yìí ló ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè gbé ìwé ìròyìn, ìtàn ìlú tàbí àwòrán jáde lórí ayélujára. Ní 2001 kan náà ni SPIP jáde ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí Le Monde diplomatique lò. Ní 2003, Matt Mullenweg, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Mike Little, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ WordPress láti ara ètò b2 tí ọmọ Faransé kan, Michel Valdrighi, ti kọ ṣáájú. Kóòdù gbogbo wọn wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn, bí ìgbà tí alaró bá ṣí ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ tí ó tún sọ iye eérú tí ó fi sí i.

Fún ọdún mẹ́rin, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ Drupal fi mọ ara wọn. Ní oṣù kejì 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ní Anvers níbí. Wọn kò pọ̀. Gbọ̀ngán kékeré kan gbà wọ́n. Ọgbọ́n tí ó wù mí jù nínú ètò wọn ni ọjọ́ tí wọ́n mú: ìgbà tí FOSDEM, àpéjọ ńlá àwọn olùkọ kóòdù gbangba, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bruxelles. Ẹni tí ó ti òkè òkun ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rí àpéjọ méjì gbà lówó ìrìn kan. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ó gbé ojúlé Drupal ró bà jẹ́ ní oṣù keje ọdún náà, Buytaert bẹ̀bẹ̀ fún dọ́là 3,000. Ohun tí wọ́n dá fún un ju 10,000 lọ. Ní tèmi, n kò gbà pé oúnjẹ tí wọ́n jọ jẹ ní Anvers kò lọ́wọ́ sí i.

FOSDEM ṣì ń wáyé lọ́dọọdún ní ọgbà Solbosch ti yunifásítì ULB. Bọ́ọ̀sì 71 ló ń gbé èrò lọ, ó sì máa ń kún bí ọkọ̀ ọjọ́ ọjà. Kò sí owó ìwọlé, kò sí ìforúkọsílẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló ń gbé àga, tí wọ́n ń ya fídíò, tí wọ́n sì ń gbálẹ̀ nígbẹ̀yìn. Gbọ̀ngán Janson gba èrò tí ó ju 1,000 lọ, ṣùgbọ́n àwọn yàrá kékeré ni ẹ̀mí àpéjọ náà wà. Wọ́n á fi yàrá kan lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, ẹgbẹ́ náà ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Bí yàrá bá ti kún, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé àyè ti tán, kò sì sí ipò tí ènìyàn lè fi wọlé. Mo rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan tí ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ihò iná mànàmáná, tí ọmọdébìnrin kan ń fi àṣìṣe kóòdù hàn án lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ibẹ̀ ni mo dúró sí jù.

Àwọn WordPress ní àṣà kan tí ó jọ èyí. Lẹ́bàá ọ̀pọ̀ àpéjọ wọn, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan. Tábìlì kan jẹ́ ti kóòdù, òmíràn ti ìtumọ̀ èdè, òmíràn ti ìwé àlàyé, onímọ̀ á sì jókòó ti àjèjì. Ní àwọn àpéjọ wa, a máa ń kí àwọn ọlọ́lá fún wákàtí méjì, a jẹun, a ya fọ́tò lábẹ́ àsíá, a sì pín báàgì. N kò rí àtúnṣe ìlà kóòdù kan tí ó ti inú báàgì bẹ́ẹ̀ jáde rí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ń dúró dè wá. Ọmọ Sábẹ̀ tí ó kọ́ èdè abínibí ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ń kọ ɔmɔ. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ń kọ ọmọ. Ojú wa rí ọ̀rọ̀ kan. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ìtàn lè má rí èyí tí a fi èkejì kọ. Kíbọ́ọ̀dù Faransé tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní é àti è, kò ní ẹ, kò ní ọ. Lẹ́tà ẹ́ gan-an kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó gbé àmì lé e, àwọn àwòrán lẹ́tà kan á sì ta àmì náà nù sí ẹ̀gbẹ́. Tíṣà nìkan kò lè tún un ṣe, olùkọ kóòdù nìkan kò lè mọ̀ pé ó bà jẹ́. Tábìlì kan ló yẹ kí wọ́n jọ jókòó tì.

Ní 2001 kan náà tí ẹ̀kán omi yìí kán, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá, nípa ìwé tí Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ibodè kò ní kí a má ṣiṣẹ́ pọ̀. Ènìyàn 20 tó, pẹ̀lú yàrá kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá, epo rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta, ìrẹsì àti omi. Kí a sì so ó mọ́ ìgbà tí àwọn ará ń bọ̀ wálé tẹ́lẹ̀, bí ọdún iṣu Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, kí owó ọkọ̀ má baà di ìjà. Àwọn tí yóò wá láti Ìbàdàn kò ní gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì kò sì yọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa. Yorùbá ni a ó fi jiyàn nípa kóòdù, tipátipá. Bọ́tìnnì tí Faransé ń pè ní «Publier» ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì: bóyá «Tẹ̀ ẹ́ jáde» ni, tàbí «Tɛ̀ ɛ́ jáde», tàbí kí ètò náà bi òǹkọ̀wé léèrè irú èyí tí ó kọ́ nílé.