Ṣé Ṣakabùlà Lè Ṣọ́ Àdúgbò Wa?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ìbọn la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ìbọn inú ìjálá tí a máa ń tú palẹ̀ ní kíláàsì o. Ìbọn gidi ni, èyí tí wọ́n ní kí a dá owó sí. Ní àdúgbò kan ní Ìkòròdú tí mẹ́fà nínú wa ń gbé, ẹgbẹ́ onílé ti pinnu láti ra ṣakabùlà fún bàbá tó ń ṣọ́ wa lóru. Wọ́n ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan mú 3,000 náírà wá. Àwọn kan nínú wa fẹ́ san án kíá, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn kan ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀. A wá ní kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà, ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí wọ́n fẹ́ rà yìí wò dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ra fóònù ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló lè ṣe? Kí ni kò lè ṣe? Èló ni yóò sì ná wa lẹ́yìn tí a bá ti rà á tán?

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu. Ọdẹ á da ẹ̀tù sínú rẹ̀, á fi nǹkan dí i, á kó ọta wẹ́wẹ́ lé e lórí, á sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bí ó bá fa apátí, iná á ràn mọ́ ẹ̀tù, ìbọn á dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí ó bá fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dane gun ni àwọn Òyìnbó ń pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò ará Denmark wà lára àwọn tó ń kó irú rẹ̀ wá sí etí òkun wa láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa náà ti ń rọ ọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n.

Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, bó bá jẹ́ pé owó la fẹ́ ṣọ́, kí ló dé tí a kò wá ìbọn mìíràn tí kò wọ́n, tó sì yá jù báyìí lọ? Ó ní ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Hi-Point, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ń ṣe ìbọn gígùn kan tó ń lo ọta ìbọn ìléwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 9mm, àti pé àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ló ń rà á láti fi ṣọ́ ilé. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òfin wa ti dá a lóhùn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, àti ìbọn ológun, títí kan èyí tó ń lo ọta 9mm. Èkejì ni àwọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, bí irú ìbọn ọdẹ kan tó ń lo kátíríìjì. Ẹ̀kẹta, tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ìsàlẹ̀ ló wà, kò nílò ìwé kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣakabùlà pàápàá nílò ìwé àṣẹ. Òfin tó wà fún ìdigunjalè sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbófinmu lè san ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kí méjèèjì pa pọ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a bi ẹgbẹ́ onílé ni pé, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé àṣẹ? Kò sẹ́ni tó tíì ronú kàn án.

Lẹ́yìn èyí, a wá ẹni tó mọ ìbọn lọ. Bàbá ọdẹ kan wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bàbá bàbá ọ̀kan nínú wa ni. A kí i ní "Àrìnpa o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kọ́ irú ẹ̀ ní yunifásítì. Ó jẹ́ kí a rí ìbọn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn án. Ó ní owó tí òun fi rà á kò tó ti fóònù tó wà lọ́wọ́ wa.

A bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti bọ́ ilé yìí fún ọdún púpọ̀. Ọ̀yà, ètu, gbogbo rẹ̀ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ìbọn bíi tèmi yìí dára fún ẹran tí kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ẹranko kì í yìn mí padà."

Gbólóhùn yẹn ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wa. Bàbá ṣàlàyé pé ọdẹ ló ń yan ibi tí òun yóò dúró sí, òun ló ń yan ìgbà tí òun yóò yìn, ó sì ń sún mọ́ ẹran kó tó fa apátí, torí pé bí ọ̀nà bá ti jìn, ọta wẹ́wẹ́ á fọ́n káàkiri, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Bí kò bá bà á, ẹran á sá lọ, ọdẹ á padà sílé, ó parí. Kò sí ewu nínú kí ó fara balẹ̀ ki ìbọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò kọ́ ló ń yan ìgbà. Olè ló ń yan ìgbà àti ibi. Bí aṣọ́de bá yìn ín tí kò bá olè, yóò dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú irin gígùn kan lọ́wọ́, á máa wá ẹ̀tù nínú àpò.

A bi Bàbá nípa òjò. Ó mi orí. Ó ní ọ̀tá ẹ̀tù ni omi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní agbègbè ọ̀sà yìí. Aṣọ́de tó ń rìn kiri nínú òjò kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìbọn òun yóò dún. Ó tún ní ìbọn tí wọ́n bá ti kì kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò ṣeé fọkàn tán, àti pé èyí tí alágbẹ̀dẹ kò bá rọ dáadáa lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ó na ìka rẹ̀ kan sí wa. Àpá ńlá wà lára rẹ̀. Kò sọ̀tàn rẹ̀, a kò sì béèrè.

Ìtàn ìlú wa náà ti yẹ ìbọn yìí wò kí a tó bí wa. Ní ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà òwò tó gba ibẹ̀ lọ sí òkè. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán ọmọ ogun pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì láti lé wọn, ogun Ẹ̀gbá sì fọ́n ká. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní Ìmàgbọn. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ lọ fíìfíì, wọ́n sì láyà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbọn wọn ló jẹ́ irú èyí tí a ń ki láti ẹnu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim wá, èyí tó lè yọ ọta tó lé ní 500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgboyà kò sọ̀nù níbẹ̀, ìbọn tó yá ló borí èyí tó lọ́ra.

Bí ó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Ẹ rántí Ìgbónlá ní Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn ajínigbé wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba níbẹ̀, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n tún padà wá, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn òbí tó rí ọmọ wọn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í gbé ṣakabùlà rìn. Nígbà tí wọ́n dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dá awuyewuye sílẹ̀: irú ìbọn wo ni kí wọ́n gbé? Ní ọdún 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Katsina ń gbé ìbọn ológun nígbà tí wọ́n ní kí Amọ̀tẹ́kùn má ṣe gbé irú rẹ̀. Bí ìjọba odidi ìpínlẹ̀ bá ń sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ òun kò tó, kí ni bàbá kan pẹ̀lú ṣakabùlà kan fẹ́ ṣe ní ẹnu géètì wa?

Àwọn tó fẹ́ san owó nínú wa fi òwe dá wa lóhùn. Wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Òótọ́ ni. Olè kékeré tó fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kò ní dúró bi aṣọ́de bóyá ẹ̀tù rẹ̀ gbẹ. Ìró ìbọn nìkan lè lé e. A gba èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n ariwo la ń rà nígbà náà, fèrè àti agogo sì ń pariwo láìpa ẹnikẹ́ni.

Nítorí pé ẹni tí ìbọn náà lè pa ni ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú ní ọdún 2016 àti 2017 kò lè gbàgbé Badoo. Òkúta ni àwọn yẹn fi ń pa ènìyàn lórí oorun, inú yàrá ni wọ́n sì ń bá wọn. Ìbọn tó wà ní ẹnu géètì kò rí wọn. Ẹ̀rù wọn sì mú kí àwọn ará àdúgbò máa mú ẹni tí wọn kò bá mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, wọ́n pa ènìyàn mẹ́ta ní Odògùnyàn pé Badoo ni wọ́n. Aláwàdà ni ọ̀kan nínú wọn, wọn kò sì ṣe nǹkan kan. Ta ló ń rìn lóru ní àdúgbò tiwa? Àwa ni. Àwa tí a ń ti ibi ìwé kíkà bọ̀ ní aago 11, àwa tí aṣọ́de kò mọ ojú gbogbo wa, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún. Ọta wẹ́wẹ́ kì í béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdájọ́ wa rèé. Fún àgbẹ̀ tí ọ̀yà ń jẹ oko rẹ̀, àti fún ọdẹ tó ti lò ó láti kékeré, tó sì ní ìwé àṣẹ, ṣakabùlà tó owó rẹ̀, ó tún lé. Fún aṣọ́de tí kì í ṣe ọdẹ, tí yóò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìbọn náà yóò máa sùn ní ọ̀sán, kò tó 3,000 náírà wa. Ó ti wọ́n jù.

A kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé, a sì fọwọ́ sí i lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. A sọ fún wọn pé a kò kọ owó. A ó san 3,000 náírà náà, bí wọ́n bá lè fi ra iná onísóláà fún ìkóríta méjì tó ṣókùnkùn, tọ́ọ̀ṣì gidi àti fèrè fún Bàbá aṣọ́de, kí ìyókù sì jẹ́ àfikún owó oṣù rẹ̀. A ní kí wọ́n jẹ́ kí á wá fojú hàn án ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dá wa mọ̀. Alága ní àwọn ọmọdé ti kàwé jù. Ṣùgbọ́n ìyá onílé wa gbà pẹ̀lú wa, iná ìkóríta àkọ́kọ́ sì ti tàn. Lórí ìbọn, wọ́n ṣì ń jiyàn.

Bí wọ́n bá gbé irú owó báyìí wá síwájú ẹ̀yin náà, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí níbikíbi, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó san án. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé àṣẹ? Ta ló kọ́ ẹni tí yóò gbé e bí wọ́n ṣe ń lò ó? Níbo ni ìbọn náà yóò wà bí ilẹ̀ bá mọ́? Báwo sì ni yóò ṣe mọ̀ yín yàtọ̀ sí olè lóru? Bí wọ́n bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lè san án. Bí wọn kò bá rí i, ẹ ní kí wọ́n fi ra iná.