Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ni Iṣẹ́ Wà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ̀kadà ló pa iṣẹ́ àwa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Òótọ́ ni pé ọ̀kadà gba oníbàárà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí fi yé mi pé ohun tó kọ́kọ́ bà á jẹ́ kéré púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lè gba mẹ́fà nínú rẹ̀. Kóònù ni.

Lọ́dún 1969 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Agbeni, n'Íbàdàn, pé kí n wá kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń wá sí ìsọ̀ wa nígbà náà ti wá: Raleigh láti Nottingham, Hercules àti Phillips láti Birmingham. Adẹ́mu ń gbé tirẹ̀ wá, tíṣà ń gbé tirẹ̀ wá, àwọn tó ń lọ ra kòkó lóko náà ń gbé tiwọn wá. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tíúbù la kọ́kọ́ ń lẹ̀, lẹ́yìn náà la ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ìdí rẹ̀ ò le: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹni tó jókòó, òun ló ń gbé ẹrù orí kẹ́ríà, òun náà sì ni ṣéènì ń fà. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti máa ń jẹ, ibẹ̀ náà lèèyàn ti máa ń mọ ẹni tó gbọ́ṣẹ́.

Nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ásù gba àárín kọjá, kóònù kan tí bọ́ọ̀lù ń yí lára rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́sàn-án ló ń yí lẹ́yìn kóònù kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì. Ti iwájú kéré sí i, mẹ́wàá mẹ́wàá ni tiẹ̀. Ọ̀gá mi á di rímù mú, á mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ró kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀, a ó tú u palẹ̀, a ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á wá mú kóònù náà síta nínú oòrùn. Ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà gbọ́dọ̀ máa dán yíká. Bó bá ti ní ihò wínníwínní, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

A ó pààrọ̀ kóònù náà, a ó da gbogbo bọ́ọ̀lù nù, a ó fi tuntun rọ́pò wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa tuntun pọ̀ mọ́ ògbó nínú ìsọ̀ wa, torí bọ́ọ̀lù tuntun kan láàárín ògbó mẹ́jọ, òun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù gbogbo wọn. Bí a bá de kóònù tán, a ó fi í sílẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀, nítorí pé nọ́ọ̀tì tó ń tì í lẹ́yìn ṣì máa fún un sí i. Àwọn tó ṣe họ́ọ̀bù yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kóònù ni wọ́n ní kó máa jẹ, kí ara họ́ọ̀bù lè pẹ́. Mo tún kẹ̀kẹ́ kan náà ṣe fún bàbá, mo tún un ṣe fún ọmọ, họ́ọ̀bù kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Fíríwíìlì, irin eléyín tí ṣéènì ń fà lẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ kejì. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì síta. Àwọn ló ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nígbà tí èèyàn ò bá wa pẹ́dà. Ọ̀tún ni wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀ sí kó tó ṣí, ìyẹn ni pé ó yàtọ̀ sí gbogbo nọ́ọ̀tì tí ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀, òòlù àwọn tí kò mọ̀ sì ti ba púpọ̀ jẹ́. Bí a bá fi gírísì tó ki kún inú rẹ̀, àwọn irin náà á lẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ́dà á wá máa yí lófìfo. Òróró tó ṣàn ló ń fẹ́.

Yíyọ rẹ̀ kúrò lára họ́ọ̀bù ló máa ń gba agbára. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wa pẹ́dà ló ń fún ara rẹ̀ sí i, tí adẹ́mu bá sì ti fi gun òkè fún ọdún mélòó kan, ọwọ́ lásán ò lè ṣí i mọ́. A ó de irin ìyọ mọ́ fáìsì, a ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lé e lórí, èèyàn méjì á wá di rímù mú, wọ́n á yí i tagbáratagbára.

Àwọn tíṣà àti akọ̀wé míì ní họ́ọ̀bù onígíà mẹ́ta, Sturmey-Archer tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nígbà náà. Ọdún 1936 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní AW jáde, wọ́n sì máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sára rẹ̀. Inú rẹ̀ díjú, àmọ́ kò dẹ́rù bà wá, torí pé a lè ra sípíríǹgì rẹ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, àwọn ará Nnewi ló wá mọ ọjà ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ jù. Ohun tó bá bàjẹ́ lèèyàn ń rà.

Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, dé lọ́dún 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ra alùpùpù. Iṣẹ́ wa ò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ fún àbúrò, àwa náà ra ògbólógbòó, a ń fi wọ́n ṣe háyà fáwọn ọmọdé. Kẹ̀kẹ́ háyà kì í sinmi, kóònù rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ. Nígbà yẹn ni mo jẹun jù nídìí iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 1986 ni nǹkan yí padà. Kẹ̀kẹ́ China àti ti India ti ń wọlé, Phoenix àti Hero. Kẹ̀kẹ́ tó lágbára ni wọ́n, àmọ́ kóònù tiwọn kì í fìgbà gbogbo bá ti Raleigh mu. Owó tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò ò tó láti kó oríṣiríṣi wọlé mọ́. Ohun tó ń tà kíákíá ló ń kó: táyà, tíúbù, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ odindi. Kóònù di ohun tí a ń wá kiri.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Oníkẹ̀kẹ́ tí kò rí kóònù rà á máa gùn ún bẹ́ẹ̀. Kóònù tó ti ní ihò á jẹ bọ́ọ̀lù, ẹ̀rúnrún bọ́ọ̀lù á jẹ inú họ́ọ̀bù, ó di kí ó ra ẹsẹ̀ tuntun. Bó bá ra ẹsẹ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kejì, á jókòó, á ro owó náà pọ̀, á ta kẹ̀kẹ́, á gun ọ̀kadà lọ. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ló gbà wá díẹ̀. Nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn àwọn kan lára wọn, bọ́ọ̀lù apá ọ̀tún ti sún síta, sí ìsàlẹ̀ àwọn eyín tí ṣéènì ń gùn. Ásù tiwọn kì í sábà ṣẹ́. Ti àtijọ́, ẹ̀yìn fíríwíìlì lọ́wọ́ inú ni bọ́ọ̀lù wà, ásù á wá nà síta láìsí ohun tó gbé e dúró; ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́ bí wọ́n bá di ẹrù iṣu lé e. Bí ara kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mo máa ń tú kóònù rẹ̀ kó sínú agolo, mo sì ń ya èyí tí ojú ìyí inú wọn bá ara mu sọ́tọ̀.

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023, àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń gbé kẹ̀kẹ́ wá. “Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ó ń mì lẹ́yìn.” Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí: bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe bóyá ó ní kóònù rẹ̀. Bí kò bá ní, bó ti wù kó dán tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.