Olódo Ni Mo Pè É

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi yangàn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ nípa ọmọ ọlọ́mọ, èyí tí ìyàwó bàbá fi ebi pa, èyí tí ọ̀gá fi iná jó, mo sì máa ń bá àwọn òbí wọn wí nínú àpilẹ̀kọ mi bí ẹni pé èmi ni Sólómọ́nì. Ti ọmọ tèmi ni mo gbé pa mọ́.

Orí búrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin mi kejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹrin, a sì ń gbé ní ìhà Ire-Àkárí ní Ìsọlọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fún un ní ₦1,000 pé kí ó lọ ra búrẹ́dì ₦700 wá. Ó dé, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó fi ₦100 lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Ṣẹ́ńjì tó kù ńkọ́?"

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Dádì."

Mo ní kí ó yọ ₦700 kúrò nínú ₦1,000 kí ó sọ iye tó kù fún mi. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù, mo sì mọ̀ pé ìka ló ń kà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mẹ́rin." Mẹ́rin kí ni? Bẹ́líìtì ni mo yọ. Mo nà án, mo sì pè é ní olódo lójú ìyá rẹ̀ àti lójú àbúrò rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ nínú ẹkún ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà: "Dádì, mo kà á. Ó pé lójú mi."

Ẹ má rò pé ọmọ náà kò gbọ́n o. Tí ó bá ń pa àlọ́ ìjàpá fún àbúrò rẹ̀, àgbà á jókòó gbọ́. Ó ń ka ìwé Yorùbá, ó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì geere, ó tilẹ̀ máa ń bá mi rí àṣìkọ nínú iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ìṣirò, máàkì 8 nínú 100 ni ó gbé wálé ní sáà kan, 11 ní sáà kejì. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, tíṣà a máa gbé e dúró lórí bẹ́ǹṣì, wọn a ní ọmọ kíláàsì kẹrin kì í fi ìka ṣírò mọ́. Àṣé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé kì í bá wọn ta lúdò mọ́? Tí dáìsì bá ti dúró, àfi kó máa fi ìka tọ ojú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ẹ̀ á ti máa kígbe mọ́ ọn kó tó kà á tán." Mo ní kí ó jẹ́ kí n sinmi.

Òṣòdì ni ojú mi ti là. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sí fún àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́. Mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fi pàdé ọkùnrin kan ní ìtòsí ojú irin. Ọjà ló ń tà kí ojú rẹ̀ tó lọ. Ó ní pátákó kékeré kan lọ́wọ́, tí wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí nínú, tí wọ́n sì sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí irin kọ̀ọ̀kan. Ábákọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Láti ayé ọjọ́un ni àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù ti ń fi irú rẹ̀ ṣírò owó, ṣùgbọ́n ní 1962, Tim Cranmer, afọ́jú kan ní Amẹ́ríkà, fi aṣọ tó nípọn tẹ́ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà kí ó má baà yẹ̀ nígbà tí ìka bá ń tọ́ ọ wò.

Ọkùnrin yìí ní kí n pe ìṣirò. Mo ní 36 lọ́nà 15. Kí n tó ṣí fóònù mi, ó ní 540. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu, nítorí ọmọ mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti bẹ́líìtì. Ó dákẹ́, ó ń fi ìka ra ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní:

"Ọ̀gá oníròyìn, èmi ò rí bébà, ṣùgbọ́n mo rí nọ́ńbà. Bóyá ọmọ yín rí bébà, nọ́ńbà ni kò rí."

Òun ló júwe Màmá Tíṣà fún mi. Obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ìsọlọ̀, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún. Mo mú ọmọ lọ ní Sátidé. Mo rò pé yóò ní kí ó ka táímùsì wá. Rárá o. Ẹní ló tẹ́, ó ní kí a jókòó sílẹ̀, ó sì da ìdérí ìgò mínírà mẹ́rin sí iwájú ọmọ náà.

"Mélòó nìyẹn, ọkọ mi?"

Ọmọ náà fi ìka tọ wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Màmá fi ọwọ́ bò wọ́n, ó ṣí i. "Mélòó ni?" Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ó bò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí i, ọmọ tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: tí ènìyàn bá da ọsàn mẹ́rin sílẹ̀, ṣé ẹ máa ń kà á ni? Ojú ló ń sọ fún yín. Ojú yẹn ni ọmọ mi kò ní. Láti ìgbà tí ó ti dáyé, gbogbo ohun tó bá ti ju méjì lọ, iṣẹ́ ni fún un.

Wọ́n ní orúkọ fún un: dyscalculia. Ladislav Kosc, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà, kọ̀wé lé e lórí ní 1974, àwọn tó sì ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó máa ń bá nǹkan bí ọmọ mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìyẹn wọn kíláàsì ọlọ́mọ àádọ́ta, méjì tàbí mẹ́ta á wà níbẹ̀. Kò jẹ mọ́ ọ̀lẹ, kò sì jẹ mọ́ àìgbọ́n. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kò hàn síta. Afọ́jú ní Pacelli ní Sùúrùlérè láti 1962, adití ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Sùúrùlérè kan náà, àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò dá pé sì ní Modupe Cole ní Akọka. Ọmọ tèmi ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ó ń sáré. Ìjọba Èkó ṣòfin fún àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011, Ààrẹ náà sì fọwọ́ sí ti gbogbo Nàìjíríà ní January 2019. Òfin dára, àmọ́ tíṣà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irinṣẹ́ Màmá fún yín, nítorí owó ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó ní àpótí igi aláràbarà kan tó ti pẹ́, irú èyí tí Georges Cuisenaire, tíṣà kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, gbé jáde: igi funfun ni ọ̀kan, pupa ni méjì, títí dé mẹ́wàá, gígùn wọn sì ń pọ̀ sí i bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀. Ìdajì rẹ̀ ti sọnù. Ọparun ni Màmá gé, tó kùn lọ́dà, tó fi rọ́pò wọn. Ó na okùn ìsáṣọ sí ìbú pálọ̀, ó fi péègì ogún há a lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí nọ́ńbà. Ó to ìdérí mínírà bí ojú dáìsì, ó ń bò ó, ó ń ṣí i, títí ojú ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ márùn-ún láìkà. Èyí nìkan gba oṣù mẹ́ta. Ìka sì ni ó kọ́kọ́ dá padà fún un. Ó ní, "Yọ wọ́n síta, ọkọ mi. Ọlọ́run ò fi wọ́n jìn ẹ́ lásán."

Ọpọ́n ayò ló wá mú inú mi dùn jù. Ojú 12 ló ní, mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ọdún méjì ni ọmọ mi ti ń kọrin 4 lọ́nà 12 bí ayékòótọ́. Níwájú ọpọ́n ló ti ké pé, "Áà! Gbogbo ihò ló ní iye kan náà!"

Ní ọjọ́ kan, Màmá ní kí ó fi ìdérí ṣe seventeen. Ọmọ ń wò. Màmá to ogún kalẹ̀, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́rin. Ó ní, "Kí là ń pè é ní Yorùbá?" Ọmọ ní, "Mẹ́tàdínlógún." "Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀." "Mẹ́ta... dín... ní ogún." Ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó mú mẹ́ta kúrò, ó tẹjú mọ́ èyí tó kù. Ó ní, "Dádì, àṣé Yorùbá ti bá mi yọ ọ́!"

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo òǹkà wa ló rọrùn bẹ́ẹ̀. 48 yẹn, méjìdínláàádọ́ta ni, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Orí èmi náà á fọ́. Màmá kò fi dandan mú un dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Ọmọ tèmi, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá.

Ẹ ó bi mí pé kálíkúlétọ̀ ńkọ́, nígbà tó wà lórí gbogbo fóònù. Ohun tí èmi náà béèrè nìyẹn. Màmá fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì tí a lọ, ó ní kí ó ro 350 pọ̀ mọ́ 350. Ọmọ ṣèèṣì tẹ 3500 ní ẹ̀ẹ̀kan, 3850 jáde, ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Fóònù kò ṣe àṣìṣe o. Ọmọ náà ni kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé iye yẹn pọ̀ jù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni Màmá tó gbà á láàyè, pé kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tàbí àwòrán sọ ibi tí ìdáhùn á wà, kó tó tẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo ka kálíkúlétọ̀ rẹ̀ sí awò ojú.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n ṣe é lójú àbúrò rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú àbúrò rẹ̀ ni mo ti bú u. Mo ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní owó tí kò mọ iye rẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Ó gba 41 ní ìṣirò ní sáà tó kọjá, a sì pa adìyẹ. Ní Sátidé kan, èmi àti òun wọ dáńfó láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀, ₦300 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo na ₦1,000, kọ̀ńdọ́ fún wa ní ₦200, ó kọjú síta, ó ń pe èrò. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ₦200."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìdérí mínírà ló wà níbẹ̀, mẹ́rin. Ó ní, "Mẹ́wàá ni, ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ mẹ́fà sápò kejì." Inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Kọ̀ńdọ́, san án o, báǹkì lọmọ yìí gbé dání." Kọ̀ńdọ́ san án. Èmi kọjú sí fèrèsé.

A délé, ìyá rẹ̀ béèrè pé aago mélòó ló lù tí a fi ń wọlé báyìí. Ọmọ náà dúró níwájú aago ara ògiri. Ọwọ́ gígùn, ọwọ́ kúkúrú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ya ẹnu tán kí n sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ má tíì sọ ọ́, Dádì. Mo ń bọ̀."

Mo fa àga, mo jókòó.